Ẹ Ka Omi Kí Ẹ Tó Ka Igi: Ohun Tí Igi Gbígbìn Kọ́ Mi ní Adó-Èkìtì

Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn láti Fájuyì lọ sí Òkèṣà ní ọ̀sán gangan inú oṣù kejì yóò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Oòrùn ń ta lókè, ọ̀dà títì ń gbóná nísàlẹ̀, ibòji tí arúgbó lè dúró sí kó mí sì ṣọ̀wọ́n. Ọ̀nà tí wọ́n fẹ̀ ti gba ààyè lọ́wọ́ igi ní ọ̀pọ̀ ibi, ṣọ́ọ̀bù sì gba èyí tó kù. Ìdí nìyí tí àwa kan ládùúgbò fi ń dá owó jọ, tí a ń gbin igi sí etí títì, sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ àti iwájú ọjà, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ń kọ èyí fún ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìkọ̀lé tàbí ní Ìjerò, kí agbára wọn má baà ṣòfò.

Èyí tó ń dùn mí jù ni igi tí wọ́n gbìn tìlù-tìfọn. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Tó bá di oṣù kìíní, igi náà ti di igi ìdáná, rìbọ́ọ̀nù ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn tó gbìn ín kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n ka iye igi, wọn ò ka iye omi.

Ọmọ igi kan nílò nǹkan bíi lítà 20 lọ́sẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹ pín in sí ọ̀nà méjì, lítà 10 lẹ́ẹ̀kan. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, òjò sábà máa ń dáwọ́ dúró ní nǹkan bí àárín oṣù kọkànlá, kì í sì í padà débi tó ṣeé gbọ́kàn lé títí oṣù kẹta fi máa lọ sópin. Ẹ fi í sí ọ̀sẹ̀ 18. Igi 100 á mu lítà 2,000 lọ́sẹ̀, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì oní-lítà-20 ọgọ́rùn-ún. Tí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn fi parí, ó di lítà 36,000. Ta ló máa pọn ọ́n? Kànga ta ni? Ní oṣù kejì tí kànga fúnra rẹ̀ ń gbẹ, ṣé onílé á jẹ́ kí ẹ fa omi fún igi nígbà tí aṣọ ọmọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìdọ̀tí? Ẹgbẹ́ tó ní èèyàn mẹ́wàá tó ṣeé fọkàn tán, tí kálukú lè gbé kẹ́ẹ̀gì márùn-ún lọ́sẹ̀, igi 50 ni agbára wọn mọ. Kí wọ́n gbin 50. Tí wọ́n bá gbin 300, mo lè sọ fún wọn láti ìsinsìnyí pé wọn ò ní bá 50 láàyè, nítorí wọ́n á fọ́n omi náà ká débi pé kò ní tó igi kankan.

Nítorí náà, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ṣáájú òjò, ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, ẹnu la sì fi ń ṣe é. Ẹ yan ojú ibi, kí ẹ lọ bá ẹni tó wà níwájú rẹ̀: ìyá tó ń ta ẹ̀pà, télọ̀, mẹkáníìkì, bàbá onílé. Ẹ kí wọn bó ṣe yẹ, ẹ jókòó, ẹ má ṣe sáré. Ẹ bi wọ́n léèrè igi tí wọ́n ń fẹ́. Igi tí Màámi onírẹsì fẹnu ara wọn yàn, tí wọ́n mọ̀ pé abẹ́ rẹ̀ làwọn á tẹ́ bẹ́ńṣì sí lọ́jọ́ iwájú, wọ́n á fi omi ìfọ-ìrẹsì bọmi rin ín láìjẹ́ pé ẹnì kan rán wọn létí. Omi ìfọ-ìrẹsì dára fún igi. Omi ọṣẹ líle, òróró gbígbóná àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kò dára rárá, ó sì yẹ kí ẹ sọ èyí fún alákàrà àti mẹkáníìkì ní kedere, lójú ara wọn, kí igi tó débẹ̀. Níbi tí onílé bá ti ń mi orí láìsọ̀rọ̀, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀. Igi tí onílé ò fẹ́ kì í pẹ́ láyé.

Ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù náà ṣe pàtàkì, nítorí àwọn ló mọ ibi tí páìpù omi gbà, àwọn ló sì lè bá ọmọ àdúgbò wí. Tó bá jẹ́ etí títì ìjọba, ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó fi díígà kan ilẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n fẹ́ fẹ ọ̀nà náà. Ìbéèrè kan péré ni, àmọ́ ó lè gba ọdún márùn-ún iṣẹ́ là.

Irú igi wo? Níbí ni àríyànjiyàn ti máa ń pọ̀ jù. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé: ṣé igi yìí á léwé ní oṣù kejì, nígbà tí a nílò ibòji jù? Tíìkì ń wọ́wé dànù ní ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì máa ń dúró ní ìhòòhò títí òjò á fi dé. Mèláínà náà ń wọ́wé, ẹ̀ka rẹ̀ sì tètè ń ya nínú ìjì. Igi pákó ni àwọn méjèèjì, oko ló yẹ wọ́n. Igi máskìrédì tí gbogbo ènìyàn ń gbìn sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì rẹwà, ó sì ń dín agbára afẹ́fẹ́ kù, ṣùgbọ́n tóóró ló ń ga lọ, ibòji rẹ̀ kò tó èèyàn méjì. Dóńgóyárò ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù fún etí títì: ó fara da ẹ̀ẹ̀rùn, ó fara da ilẹ̀ olókùúta, ewúrẹ́ kò sì fẹ́ràn ewé rẹ̀ nítorí ó korò. Igi fúrúùtù ń na ẹ̀ka rẹ̀ gbọọrọ bí agbòjò. Lóòótọ́ ló ń wọ́wé, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi ń rúwé padà. Máńgòrò ní ibòji tó nípọn jákèjádò ọdún, ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni kí ẹ gbìn ín sí o. Létí títì, òkò àwọn ọmọ tó ń wá èso á máa fọ́ gíláàsì ọkọ̀.

Àwọn baba wa ní ìdáhùn tiwọn. Òdán ni wọ́n gbìn síwájú ààfin àti láàárín ọjà, wọn ò ṣèèṣì. Kì í fi orí sílẹ̀ fún oòrùn, ó ń tẹ́ rẹrẹ, ọjọ́ rẹ̀ sì ń pẹ́. Kò nílò hóró: ẹ gé ẹ̀ka tó nípọn tó ọrùn ọwọ́, tó gùn tó mítà kan àbọ̀ sí méjì, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ẹ gé orí rẹ̀ ní ìdagẹ̀ẹ́rẹ́ kí omi má dúró lé e, ẹ fi sí ibòji fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí oje rẹ̀ gbẹ, kí ẹ wá ri ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan mọ́lẹ̀. Ẹ má sọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ di òkè. Akòko àti ìyeyè náà ń hù báyìí. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò òdán lágbára púpọ̀, ó ń la ògiri àti gọ́tà. Ẹ má gbìn ín sí ibi tí kò tó mítà 10 sí ilé kankan. Ojú pápá gbàgede ló tọ́ sí i.

Ìrókò wu ọ̀pọ̀ èèyàn nítorí orúkọ rẹ̀. Kòkòrò kékeré kan wà tó ń mú ewé àti ọ̀mùnú ọmọ ìrókò wú kókó-kókó títí yóò fi rà, pàápàá tí wọ́n bá gbìn wọ́n pọ̀ sójú kan. Ẹ lè fi ọ̀kan tàbí méjì sáàárín igi mìíràn, kí ẹ má fi ìrókò nìkan kún òpópónà. Bẹ́ẹ̀ náà ni irú igi yòówù. Òpópónà tó jẹ́ igi kan ṣoṣo ni, kòkòrò kan ṣoṣo lè pa á tán.

Níbi tí wáyà iná bá kọjá, ẹ má wulẹ̀ gbé dóńgóyárò síbẹ̀. Láìpẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ iná á wá gé orí rẹ̀, wọ́n á gé e bó ṣe rọ̀ wọ́n lọ́rùn, igi náà á sì máa jẹrà láti ojú ọgbẹ́. Gúáfà, ọsàn tàbí igi mìíràn tí kì í ga púpọ̀ ló yẹ lábẹ́ wáyà. Igi ńlá gbọ́dọ̀ jìnnà sí ògiri ilé ní mítà márùn-ún ó kéré tán, kó sì jìnnà sí ṣálángá àti gọ́tà ní mítà méjì tàbí mẹ́ta.

Tí ẹ bá fẹ́ ra ọmọ igi, ẹ má ra èyí tó ga jù. Èyí tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 50 sí 90, tí ara rẹ̀ nípọn tó pẹ́ńsù, ló máa ń gbà jù. Ẹ yí ọ̀rá dúdú rẹ̀ wò nísàlẹ̀. Tí gbòǹgbò bá ti ya ọ̀rá jáde tó sì ti wọnú ilẹ̀, ó ti pẹ́ jù nínú ọ̀rá. Tẹ́ ẹ bá fà á, ẹ ti ṣe é léṣe. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá igi náà ti ń gba oòrùn. Ọmọ igi tó ti abẹ́ ibòji bọ́ sí etí títì lọ́jọ́ kan náà, ewé rẹ̀ á jóná. Ó nílò ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta láti mọ oòrùn lára díẹ̀díẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ tọ́ ọ fúnra yín, ó dínwó gan-an. Iyẹ̀pẹ̀ dúdú òkè ilẹ̀ páànù mẹ́ta, ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà páànù méjì, yanrìn odò páànù kan, ẹ pò ó pọ̀. Kí ìgbẹ́ adìẹ náà ti jẹrà dáadáa, tí kò rùn mọ́, tí kò gbóná mọ́. Tútù rẹ̀ á jó gbòǹgbò. Hóró dóńgóyárò kì í pẹ́ kú: ẹ bọ́ èèpo rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbìn ín láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tí ẹ ṣà á. Bákan náà ni hóró máńgòrò. Àwọn tó tọ́jú u sínú ike di ọdún tó ń bọ̀, òkú hóró ni wọ́n tọ́jú.

Àsìkò ìgbìn ni oṣù karùn-ún sí ìkeje. Òjò àkọ́kọ́ ní oṣù kẹta máa ń tan èèyàn jẹ, ìjì àti ọ̀gbẹlẹ̀ ló sì ń tẹ̀ lé e. Ẹ dúró kí ilẹ̀ mu omi dénú. Bí òjò bá dá díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì. Lẹ́yìn oṣù kẹsàn-án, ẹ má gbin nǹkan kan mọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ti wù kó fi ọmọ igi ta yín lọ́rẹ. Gbòǹgbò kò ní rí àsìkò wọlẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé.

Ihò níbí kì í rọrùn. Ilẹ̀ Adó lé lórí òkúta, yangí sì pọ̀, pàápàá ní ẹsẹ̀ òkè. Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60, kó jìn tó 45. Fífẹ̀ ṣe pàtàkì ju jíjìn lọ, nítorí òkè ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ gbòǹgbò ń rìn. Ẹ kó ilẹ̀ dúdú sí ọ̀tọ̀, ẹ kó ilẹ̀ pupa sí ọ̀tọ̀. Ẹ fi díígà ha ẹ̀gbẹ́ ihò kó rí págunpàgun, torí pé ẹ̀gbẹ́ tó dán máa ń dá gbòǹgbò padà. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi kún un ní ìrọ̀lẹ́. Tó bá di àárọ̀ tí omi ṣì dúró, ẹ wá ibòmíràn tàbí kí ẹ gbẹ́ ẹ kọjá ibi tó le. Igi tó dúró nínú omi á jẹrà láti ìsàlẹ̀, ewé rẹ̀ á sì máa pọ́n bíi pé òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Èyí ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn tún bu omi kún ohun tí omi ń pa.

Ẹ bomi rin ọmọ igi ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìgbìn. Tẹ́ ẹ bá ń fi ọkọ̀ gbé e, ẹ fi tapólì bò ó, atẹ́gùn orí eré lè gbẹ ewé rẹ̀ láàárín Ìkẹ́rẹ́ sí Adó. Ọ̀rá ni kí ẹ dìmú, ẹ má di ọrùn igi mú. Ẹ ya ọ̀rá náà kúrò pátápátá! Mo ti rí ọ̀pọ̀ òkú igi tí wọ́n hú, tí ọ̀rá ṣì wé gbòǹgbò rẹ̀. Tí gbòǹgbò bá ti lọ́ yíká, ẹ fi abẹ fà á ní ojú mẹ́ta láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà kan. Ibi tí gbòǹgbò ti bẹ̀rẹ̀ lára igi gbọ́dọ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba. Tí ẹ bá rì í jù, èèpo rẹ̀ á jẹrà; tí ó bá yọ jù, á gbẹ. Ẹ da ilẹ̀ dúdú tí ẹ ti pò mọ́ ìgbẹ́ jíjẹrà padà, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ má fi bàtà gún un. Omi lítà 10 lójú ẹsẹ̀, kódà bí òjò bá ń rọ̀, nítorí omi náà ló ń lé afẹ́fẹ́ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò.

Ẹ fi ilẹ̀ mọ ẹbè kékeré yí igi ká, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 10, kó fẹ̀ tó 60. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí ó pọ̀ nílùú wa, ẹ mọ ọ́n bí ìlàjì òṣùpá sí ìsàlẹ̀ igi kí omi tó ń ṣàn lè dúró. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ la ẹnu rẹ̀ nígbà òjò, kí ẹ sì dí i padà ní oṣù kẹwàá. Koríko gbígbẹ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10 ló máa bo ilẹ̀ náà, kó má sún mọ́ ara igi, ẹ fi àlàfo tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀. Ikán fẹ́ràn koríko gbígbẹ. Ẹ máa wò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Tí ẹ bá rí ọ̀nà amọ̀ tó ń gùn ún lọ, ẹ ha á dànù, kí ẹ wọ́n eérú sí i. Níbi tí wọ́n ti ń jó pàǹtírí, ẹ má lo koríko rárá. Òkúta wẹ́wẹ́ ni kí ẹ fi bo ilẹ̀, nítorí iná kan lè jó igi ọdún méjì ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ewúrẹ́ ńkọ́? Òfin tó de ìjẹko ẹran ní Èkìtì ti wà láti 2016, àmọ́ ewúrẹ́ àdúgbò ṣì ń rìn káàkiri. Ó lè fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró kó jẹ ewé tó ga ju mítà kan lọ. Ọparun mẹ́rin tó gùn tó mítà méjì, tí sẹ̀ǹtímítà 50 wọnú ilẹ̀, tó jìnnà sí igi ní sẹ̀ǹtímítà 40, kí ẹ wá fi imọ̀ ọ̀pẹ tàbí wáyà oníhò dí àlàfo rẹ̀. Ikán á jẹ ọparun láàárín ọdún kan sí méjì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò kejì. Tí igi bá ń mì lójú ìjì, ẹ fi igi méjì dè é, ẹ fi ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí a gé lára túùbù táyà so ó ní ìrọ̀rùn. Ẹ má fi wáyà dè é. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ tú u. Okùn tí wọ́n gbàgbé máa ń fún igi lọ́rùn pa.

Àwọn tó ń gé koríko ni mo ń bẹ̀rù ju ewúrẹ́ lọ. Ẹ̀rọ ìgékoríko tàbí àdá tó bó èèpo ara igi yíká ti pa á, ì báà jẹ́ pé ewé rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ máa fi ọwọ́ ro ẹsẹ̀ igi ní mítà kan yíká, kó má baà sí ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi gbé ẹ̀rọ sún mọ́ ọn, kí ẹ sì kun ọparun rẹ̀ ní funfun kó hàn nínú koríko.

Fún ẹ̀ẹ̀rùn, kẹ́ẹ̀gì oní-lítà-márùn-ún wúlò púpọ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ihò kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ rì í dé ìdajì sí tòsí igi kí ẹnì kan má baà ṣà á lọ, kí ẹ kún un. Ẹ tú ọmọrí rẹ̀ díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi kò ní jáde. Ó yẹ kó gba wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún kó tó tán. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ sẹ́ omi tẹ́ ẹ bá ń bù ú, ẹrẹ̀ ló ń dí ihò náà. Ní ẹ̀ẹ̀rùn kejì, ẹ lè jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó bomi rin ín, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ di lítà 40 kó lè jìn wọlẹ̀. Omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ń fa gbòǹgbò sókè, ibi tí oòrùn ti máa pa á.

Láti ọdún kejì, ẹ yan ṣónṣó kan ṣoṣo, kí ẹ gé èyí tó ń bá a du ipò. Ẹ gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ìdá mẹ́ta méjì gíga igi ṣì máa ní ewé. Ní àsìkò ìdìbò, ẹ lọ bá àwọn tó ń lẹ pósítà ṣáájú, kí wọ́n má kan ìṣó mọ́ ọn.

Ẹ ní ìwé àkọsílẹ̀ kan: nọ́ńbà igi, irú rẹ̀, ojú ibi, ẹni tó ń bomi rin ín, ọjọ́ tó kú àti ohun tó pa á. Tí oṣù kẹta bá parí, ẹ jókòó tì í. Tí igi méjì bá ti kú lójú kan náà, ẹ má gbin ẹ̀kẹta kí ẹ tó gbẹ́ ibẹ̀ wò. Lọ́pọ̀ ìgbà ní etí títì, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì tí wọ́n dà sílẹ̀ nígbà ìkọ́lé ló wà níbẹ̀. Ẹ kó o jáde dé ìsàlẹ̀, ẹ da ilẹ̀ oko sí i, kí òjò méjì mẹ́ta rọ̀ sí i kí ẹ tó gbin òmíràn.